Nọ́ọ̀sì Ó-Ti-Tán Lọ Dí Eyín

Ẹ má bi mí léèrè orúkọ mi, kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́ níbi iṣẹ́ wa. Nọ́ọ̀sì Ó-Ti-Tán ni wọ́n ń pè mí, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi fà á. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń gún ọmọ ọlọ́mọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìyá á gbé ọmọ lé itan, á di apá rẹ̀ mú, ọmọ á tẹjú mọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ lọ fẹjọ́ mi sun Ọlọ́run. Èmi á rẹ́rìn-ín sí i, màá ní, "Ó ti tán!" Kò tíì tán o. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Ìgbà tí ọmọ bá gbà mí gbọ́, tó mí kanlẹ̀, tí apá rẹ̀ rọ̀, ìgbà yẹn gan-an ni mo máa ń ki abẹ́rẹ́ bọ ibẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó wá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi fún ọjọ́ kan péré. Kó fi òótọ́ inú bá ọgọ́rin ọmọ sọ̀rọ̀ láàárọ̀, kí n wá wo iye tó máa kù lórí ìjókòó tó bá fi máa di ọ̀sán.

Ọmọ tèmi náà ò mórí bọ́. Obìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Adájọ́ la sì ń pè é nílé, torí pé téèyàn bá fún un ní súìtì, á kọ́kọ́ béèrè ohun tónítọ̀hún ṣe tó fi ń bẹ òun. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, èmi fúnra mi ni mo gún un lábẹ́rẹ́, mo sì ní ó ti tán. Ó wo apá rẹ̀, ó wo ojú mi, kò sunkún rárá. Ó kàn ní, "Mọ́mì, irọ́ lẹ pa." Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ní omi ìwẹ̀ ò gbóná, ìka ló máa fi yẹ ọ̀rọ̀ mi wò.

Eyín ló wá dá wa jókòó. Ọ̀kan nínú àwọn eyín Adájọ́ tó wà lẹ́yìn, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, kì í sì í ṣe eyín ọmọdé tó máa yọ tí òmíràn á hù dípò ẹ̀. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín tó wà ní òdìkejì títì sí ibi iṣẹ́ wa. Ọkùnrin kúkurú kan ni, ó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni pé ọmọ kan ń sùn nínú yàrá kejì. Ó tan iná sí ẹnu ọmọ, ó ní ihò ti wà níbẹ̀, ihò náà sì ti ń sún mọ́ iṣan.

"A ṣì lè dí i lóṣù yìí," ló wí. "Tá a bá fi máa wọ oṣù tó ń bọ̀, yíyọ ló kù. Tá a bá sì yọ ọ́, kò ní hù mọ́ láéláé."

Adájọ́ gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó pa ẹnu dé, kò sì là á mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì la tún lọ, ẹ̀ẹ̀mejì la padà bọ̀ wálé pẹ̀lú ihò wa. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo ṣèlérí kẹ̀kẹ́ ológeere fún un. Ó ní òun ò gun kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi eyín òun rà. Mo ní kò ní dùn ún rárá. Ìyẹn ló tún wá bà á jẹ́ pátápátá, torí ọ̀rọ̀ yẹn, ó ti mọ ibi tó máa ń já sí.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tíì pé ogún, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló sì lé e bá.

Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí oṣù parí. A ń jẹun lọ́wọ́, Adájọ́ fi ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹjú mọ́ mi.

"Mọ́mì, ẹ̀yin náà ní ihò léyín."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Apá ọ̀tún nìkan lẹ fi ń jẹun. Tẹ́ ẹ bá sì ń mu omi tútù, ẹ máa ń dijú."

Ẹ wo ọmọ. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo ti ń tọ́jú ihò yẹn bí ẹni tọ́jú owó, bàbá rẹ̀ gan-an ò mọ̀. Ẹnu mi kọ́ ni wọ́n á ti gbọ́ ọ.

"Ẹ kọ́kọ́ lọ dí tiyín," ni Adájọ́ wí. "Màá dúró tì yín, màá máa wo ojú yín. Tó bá yí padà pẹ́rẹ́, ilé ni mò ń lọ, ẹ má sì wulẹ̀ bẹ̀ mí. Tí ò bá yí padà, màá jókòó."

Mo gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín níbí, torí ọ̀rọ̀ ò ní yé yín tí mi ò bá sọ ọ́. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà mí. Ẹ ti rẹ́rìn-ín tán? Ó dáa. Ìdí abẹ́rẹ́ ni mo mọ̀, mi ò mọ ẹnu ẹ̀, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gún àwa òṣìṣẹ́ lábẹ́rẹ́ tiwa, ọjọ́ náà gan-an ni inú máa ń run mí. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, èmi sì ti ń wò ó lókèèrè láti ọdún tí mo ti wọ iṣẹ́ yìí.

Ọjọ́bọ̀ la lọ, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Àwọn obìnrin méjì wà lórí ìjókòó lẹ́nu ọ̀nà dókítà, àwọn méjèèjì ni mo ti gún ọmọ wọn. Ọ̀kan ti ń pariwo kí n tó jókòó. "Nọ́ọ̀sì Ó-Ti-Tán! Ẹ̀yin náà ń bọ̀ wá jìyà?"

"Ọmọ ni mo mú wá," mo ní. Òótọ́ sì ni, ẹ wò ó, ọmọ nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Yàrá dókítà ò tóbi, ó mọ́ fínnífínní. Òórùn oògùn tó wà níbẹ̀ náà ni mo ń gbé lọ sílé lára aṣọ mi lójoojúmọ́, àmọ́ ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ. Mo jókòó. Obìnrin tó ń ran dókítà lọ́wọ́ so ọ̀rá kan mọ́ mi lọ́rùn, ó tẹ nǹkan kan, àga sì bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lọ sẹ́yìn títí ẹsẹ̀ mi fi ga ju orí mi lọ. Ipò tó mọ́ mi lára kọ́ nìyẹn. Èmi ni mo máa ń dúró.

"Nọ́ọ̀sì," ni dókítà wí jẹ́ẹ́jẹ́, "tó bá ti dùn yín, ẹ kàn gbé ọwọ́ òsì sókè. Màá dúró lójú ẹsẹ̀."

Mi ò tíì dá a lóhùn tí Adájọ́ fi wọ́ àpótí ìjókòó kékeré kan sún mọ́ orúnkún mi, tó jókòó, tó sì fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ọwọ́ òsì mi mú. "Kí n lè mọ̀ tó bá ń gbọ̀n," ó ní. Bí wọ́n ṣe gba ọwọ́ òsì lọ́wọ́ mi nìyẹn.

"Ọmọ mélòó ni Ọlọ́run fi ta yín lọ́rẹ, Nọ́ọ̀sì?" Dókítà ló ń béèrè. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà lẹ́yìn.

Háà! Ta ni wọ́n ń ṣe irú ẹ̀ fún? Iṣẹ́ mi nìyẹn! Kéèyàn béèrè ọmọ, béèrè ilé, béèrè aṣọ tó wọ̀, kí ọwọ́ kejì máa ṣe tiẹ̀ lọ. Èmi ni mo kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun méjì bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dún tó kọjá.

"Dókítà," mo ní, "ẹ mú ọwọ́ yẹn jáde."

Ojú tì í díẹ̀. Ó mú un jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi, abẹ́rẹ́ náà gùn. Ó gùn ju gbogbo èyí tí mo ti fi gún ọmọ aráyé lọ, ó kéré tán bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí látibi tí mo sùn sí. Àtẹ́lẹwọ́ mi tutù. Mo rántí pé àtẹ́lẹwọ́ kan ń bẹ lọ́wọ́ Adájọ́, mo sì sáré wá ọ̀rọ̀ sọ.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín lè kú ni, kẹ́ ẹ má baà mọ nǹkan kan lára tí mo bá ń gbẹ́ ẹ."

"Nítorí ihò tí ò ju orí ìṣáná lọ? Ẹ gbé e kúrò jàre. Ẹni tó ti rọbí, kí ló fẹ́ fi abẹ́rẹ́ eyín ṣe?"

"Ó jìn díẹ̀ o, Nọ́ọ̀sì."

"Ẹ máa gbẹ́ ẹ."

Ó wò mí títí. Ó gbé abẹ́rẹ́ náà sínú àwo. Inú mi dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n fi orin bọnu. Mo gbọ́ tí Adájọ́ ń sọ fún ara rẹ̀ nídìí orúnkún mi pé, "Mọ́mì ò gba abẹ́rẹ́." Mi ò ka ìyẹn sí nǹkan kan nígbà yẹn.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ rí bíi ti ẹ̀fọn, ó di ti alùpùpù tó ń gun òkè, ó wá wọ inú egungun orí mi lọ jókòó. Ó tutù, ó gbóná, mi ò mọ èyí tó ń ṣe. Lẹ́yìn náà ló kan ibì kan.

Yéè. Ìyá mi ti kú láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ó sì tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà tí mo pè é nínú láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo fẹ́ gbé ọwọ́ òsì, Adájọ́ ló dì í mú. Mo ní kí n máa fi imú mí wọlé, kí n máa fi ẹnu mí jáde, bí mo ṣe máa ń sọ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ. Ìmọ̀ràn burúkú gbáà ni! Irin wà lẹ́nu mi, rọ́bà tó ń fa itọ́ wà lẹ́nu mi, ọwọ́ èèyàn méjì wà lẹ́nu mi, ibo ni kí èémí gbà jáde? Mo fi ìka ẹsẹ̀ jà nínú bàtà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò àjẹsára lọ́kàn: ọjọ́ tí wọ́n bí i, ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án. Tí mo bá dé oṣù kẹsàn-án, màá tún bí ọmọ náà, màá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ bíi mẹ́sàn-án ni mo bí lórí àga yẹn.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, ojú mi ń rẹ́rìn-ín. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò nílé: ẹ la ẹnu gbàgà, kẹ́ ẹ wá fi ojú nìkan rẹ́rìn-ín. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo rí i pé apá òsì ni Adájọ́ jókòó sí, mo wá jẹ́ kí ojú ọ̀tún máa sunkún tiẹ̀ lọ. Dókítà rí omi náà tó ń ṣàn lọ sétí mi, ó fẹ́ dáwọ́ dúró. Mo di ojú kan sí i pé kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ó mi orí, ó ń bá a lọ.

Nígbà tó ṣe, ó dí ihò náà, ó tan iná aláwọ̀ aró kan sí i, ó ní kí n pa eyín pọ̀. Mo pa á pọ̀. Mo dìde. 

"Ojú yín ò yí padà," ni Adájọ́ wí. Ó yà á lẹ́nu gan-an.

"Ṣé mo sọ fún ẹ? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ọwọ́ yín kàn làágùn."

"Ooru ni."

Ó rò ó wò, ó dá ẹjọ́, ó gun orí àga náà fúnra rẹ̀, ó sì la ẹnu. Ó la ẹnu o! Àwa tá a ti fi kẹ̀kẹ́ bẹ̀ ẹ́. Orí mi wú. Mo ní alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó ló kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa ròyìn ẹ̀ níbi iṣẹ́.

Dókítà gbé abẹ́rẹ́ láti inú àwo. Kò fi í pa mọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Adájọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mi ò gbà á. Mọ́mì ò gbà á."

"Tìrẹ yàtọ̀," ni mo yára sọ.

"Báwo ló ṣe yàtọ̀?"

"Ó jìn ju tèmi lọ."

"Tiyín ò dùn yín rárá. Ojú yín ò yí padà. Tí tèmi bá jìn, ó lè dùn mí díẹ̀. Màá fara dà á bẹ́ẹ̀." Ó tún la ẹnu. "Ó yá, Dókítà. Láìsí abẹ́rẹ́, bíi ti Mọ́mì mi."

Dókítà fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó kọjú sí mi. "Nọ́ọ̀sì, èmi ò lè gbẹ́ eyín yìí láìkọ́kọ́ gún un lábẹ́rẹ́. Tó bá fò dìde nígbà tí ẹ̀rọ wà nínú iṣan, ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Tí kò bá gba abẹ́rẹ́, mi ò ní fọwọ́ kàn án." Ó wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, mo bá a wò ó. Ọjọ́ méje.

Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo ọmọ mi. Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ gun àga náà. Ohun tó kù tó fẹ́ lé e sọ̀ kalẹ̀, tó fẹ́ gba eyín lẹ́nu rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ẹ̀rín tèmi ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju eyín lọ. Ilẹ̀kùn ò sì tì. Àwọn obìnrin méjì yẹn ti na ọrùn wọlé, wọ́n ń gbọ́ gbogbo ẹ̀.

"Adájọ́," mo ní, "ó dùn mí."

"Kí ló dùn yín?"

"Eyín tí wọ́n gbẹ́. Ó dùn mí gan-an. Ó dùn mí débi pé mò ń pe ìyá mi nínú. Ojú mi ọ̀tún ń sunkún, o ò lè rí i níbi tó o jókòó sí."

Ó ń wo ojú mi ọ̀tún, bóyá omi ṣì kù níbẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ò wá gba abẹ́rẹ́?"

"Ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gún gbogbo èèyàn?"

"Èmi náà ni."

Ẹ wá wo ìran. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà pàtẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Orí mi ò! Nọ́ọ̀sì!" Èkejì rọra fi ìborùn bo ẹnu rẹ̀, ejìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo mọ̀ pé kí n tó sọdá títì, ibi iṣẹ́ wa á ti gbọ́. Kí wọ́n gbọ́. Ẹnu mi náà ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Adájọ́ ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rín tẹ́ ẹ wá ń rín ńkọ́?"

"Irọ́ ni. Kó o lè gun àga yìí ni."

Ó wo abẹ́rẹ́ nínú àwo. "Ìyẹn ńkọ́? Ṣé ó máa dùn mí?"

Ètè mi ti ṣí láti sọ ohun tí mo ti ń sọ láti ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó ti dé iwájú eyín. Mo gbé e mì.

"Ó máa dùn ẹ́," mo ní. "Á kọ́kọ́ ta ẹ́, lẹ́yìn náà á máa ti ẹran ẹnu ẹ bí ẹni pé nǹkan ń wú níbẹ̀. Tó o bá rọra kà á dé ẹ̀wá, á lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ariwo lásán ni ẹ̀rọ á máa pa, o ò ní mọ̀ ọ́n lára."

Adájọ́ kọjú sí dókítà. "Ṣé òótọ́ ni wọ́n sọ?"

"Òótọ́ ni," ni dókítà dáhùn.

"Ẹ mú un wá."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Abẹ́rẹ́ wọlé, omi bọ́ lójú ọmọ pòròpòrò, ó ń fi ìka ọwọ́ kejì kà á. Nígbà tó dé méje, ó ké lọ́nà tí àwọn obìnrin ẹnu ọ̀nà fi sá sẹ́yìn. Kò fò dìde. Nígbà tó dé ẹ̀wá, ó ṣì ń kà. Dókítà fa abẹ́rẹ́ yọ, Adájọ́ nu imú rẹ̀, ó fi ìbínú wò mí.

"Mẹ́rìnlá ni. Kì í ṣe ẹ̀wá."

"Má bínú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ òótọ́ ni."

Iṣẹ́ tó kù ò gba wàhálà. Ẹ̀rọ pariwo, ọmọ ń wo àjà, ó tiẹ̀ yán lẹ́ẹ̀kan. Dókítà dí eyín náà, ó ní kò dé ibi iṣan, ó máa bá a dàgbà. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo jókòó sórí àpótí ìjókòó, mo wá fi ojú méjèèjì sunkún, ní gbangba. Obìnrin tó ń ran dókítà lọ́wọ́ fún mi ní bébà ìnujú.

A jáde, a lọ jókòó níbi tá a ti máa ń dúró de ọkọ̀. Apá kan ẹnu Adájọ́ ti kú, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́, ètè rẹ̀ sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rò pé eyín ló ń rò.

"Mọ́mì," ó ní, ọ̀rọ̀ náà ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Tí ìyà bá lè máa jẹ yín tó bẹ́ẹ̀ yẹn, tẹ́ ẹ sì ń rẹ́rìn-ín, tí èmi tí mo jókòó ti yín ò mọ̀... àwọn ẹ̀rín yòókù ńkọ́? Àwọn tẹ́ ẹ máa ń rín sí mi nílé?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti gbéra láti ṣe é, mo bá ká a lọ́wọ́ kò.

"Òótọ́ wà níbẹ̀," mo ní. "Àwọn tó jẹ́ òótọ́ pọ̀."

"Èwo àti èwo?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tá a wà. Ọkọ̀ wa dé, ó kọjá lọ. Èkejì náà dé, ó kọjá. Ó ṣì ń wo ojú mi.